Ibi Tí Eyínfúnjowó Ń Fò Nínú Ìwé

Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ náà débi pé mi ò rí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa. Eruku funfun bo òrùlé, ó bo ìkòkò omi, ó bo irun ojú ewúrẹ́. Ètè mi ti là. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n kò lágbára kankan, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo àwo. Ìyá ọkọ mi jókòó ti iná, ó fi aṣọ bo orí dé etí.

Ó ní, "Níbo lò ń lọ nínú ọyẹ́ yìí?"

Mo ní, "Ọjà-Ọba ni, Ìyá."

"Kúlíkúlí tó wà ńlẹ̀ ò mà tó gbé lọ sọ́jà."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ tà á tán."

N kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ òótọ́ tán. Mo gbé igbá kúlíkúlí lérí lóòótọ́. Àmọ́ mo ti so àpò kékeré kan mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró. Lẹ́tà ọkọ mi mẹ́rin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìtàn pẹlẹbẹ kan tí èèpo rẹ̀ ti já. Lẹ́tà jẹ́ tèmi. Ìwé ìtàn kì í ṣe tèmi, mo yọ ọ́ lójú fèrèsé oníǹkan láìtọrọ.

Ọdún tí wọ́n ní kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ọdún méjì ti kọjá tí ọkọ mi ti wà ní Kàdúná, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ. Oṣù méje péré la fi gbé pọ̀ kó tó lọ. Mi ò tíì bímọ. Ìyàwó tí kò tíì bímọ, tí ọkọ rẹ̀ kò sì sí ńlé, ó dà bí àlejò tó pẹ́ jù ni. Wọn ò lé e, wọn ò sì ní kó fẹ̀yìn ti ògiri.

Mi ò mọ̀wé nígbà náà. Ìwọ̀nba èyí tí mo fi ń kọ nǹkan yìí, àgbà ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń ka lẹ́tà fún mi ni àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ó ti jáde ìwé mẹ́fà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ dára. Òun ń pè mí ní ìyàwó, nítorí lójú àṣà wa, ọkọ mi lòun náà. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, síbẹ̀ "ẹ" ni mo ń kí i, "o" ló ń pè mí. Kò burú. Èèyàn dáadáa ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń pa ẹ̀pà fún kúlíkúlí ọjọ́ kejì. Èmi, àti ìyáálé kan nínú agboolé tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Ìyá fúnra rẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Eyínfúnjowó kì í pa ẹ̀pà, ó ní èékánná òun. Kó má baà jókòó lásán, ó máa ń ka ìwé ìtàn sí wa létí. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ló rà níwájú Pósófíìsì, òun ni mò ń wí yìí.

Ìtàn náà rèé. Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ dojú dé, wọn ò rí òkú rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣílẹ̀kùn, òtútù ń mú mi." Obìnrin náà ṣí i. Ọkùnrin náà wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ẹní. Kò mí. Ó na ọwọ́ sí obìnrin náà.

Níbẹ̀ ni Eyínfúnjowó á ti tutọ́ sí ìka, á ṣí ìwé, á ní, "Ilẹ̀ mọ́. Obìnrin náà rí i pé ẹní òun ti rin gbingbin, ara òun sì ti rù sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé náà ṣe ń lọ. Òjò á rọ̀, òkú á kan ilẹ̀kùn, obìnrin á ṣí i, òkú á na ọwọ́, ilẹ̀ á mọ́. Ẹ̀rù ń bà wá gan-an. Èmi kì í lè lọ sẹ́yìnkùlé lémi nìkan mọ́ tí òjò bá ti ṣú.

Ìyáálé yẹn á ní, "Kí ni òmùgọ̀ obìnrin yìí ń ṣílẹ̀kùn fún? Ṣé kò ní kọ́kọ́rọ́ ni?"

Eyínfúnjowó á ní, "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ìyàwó àgbà."

"Èwo lẹ fi ń sọ pé ó na ọwọ́, pé ilẹ̀ mọ́? Láti ìrọ̀lẹ́ títí dìdájí, ọwọ́ náà ló ń nà? Apá á ti ro ó."

Èmi á rẹ́rìn-ín. Ìyá á ní, "Aúsù bíllàhi. Àlùjọ̀nnú lẹ fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ pa ẹ̀pà." A ó tún padà sẹ́nu ẹ̀pà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ òṣùwọ̀n. Mo ti rí i pé tí Eyínfúnjowó bá ka ojú ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, n ó ti pa ẹ̀pà kún àwo kékeré kan. Tí ó bá wá kan ibi tí òkú na ọwọ́, mi ò tíì pa ju mẹ́rin márùn-ún lọ tí yóò fi ṣí ojú ìwé méjì. Mo yọjú wò ó. Dúdú ni ojú ìwé náà, ọ̀rọ̀ kún un bámúbámú bí àwọn yòókù. Ojú rẹ̀ sì ń lọ lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń kà á, ẹnu rẹ̀ ni kò sọ ọ́.

Mo bi í nígbà tó ku àwa méjì. Mo ní, "Eyínfúnjowó, kí ló wà níbi tí ẹ ń fò?"

Ó ní, "Mi ò fo nǹkan kan. Ìwé yẹn ló rí bẹ́ẹ̀." Ó wá wo ojú mi, ó sì wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí mo ti dàgbà kọjá ìtìjú. Ohun tó ń dá mi lẹ́rù nínú ìtàn yẹn gan-an ló ń fà mí. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù, ibẹ̀ ni ara mi ti ń gbóná jù. Tí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án sínú yàrá ọkọ mi tó ṣófo, mo máa ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ bóyá mò ń bẹ̀rù kí ẹnìkan kàn án ni, tàbí mò ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má kàn án.

Lẹ́tà ọkọ mi wá dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọyẹ́ yẹn. Lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnìkan nílé wa. Tí ó bá ti dé, Ìyá á jókòó, gbogbo ilé á péjọ, Eyínfúnjowó á kà á sókè. Ó ka èyí pé: "Ẹ kú ilé o. Mo kí Ìyá, mo kí gbogbo ará ilé. Ara mi le, àlàáfíà ni mo wà. Kí ìyàwó rí i pé òrùlé yàrá mi kò jò. Kí ó máa tọ́jú Ìyá. Kò gbọdọ̀ máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ó dìgbà." Bí àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ṣe rí nìyẹn. Òrùlé, Ìyá, kò gbọdọ̀. Kò sí kí ni mo jẹ, kò sí kí ni mo mu.

Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi kí lẹ́tà yìí tó dé pé tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, n ó padà sílé bàbá mi ní Afọ̀n. Èèyàn kì í fẹ́ òrùlé. Mo wá ń gbọ́ ohùn ọkọ mi nínú àwọn lẹ́tà yẹn bí ohùn ẹni tó ti kú, tó ń pàṣẹ láti ibi tó tutù. Lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán, mo lọ ń ká aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí. Ìgbà tí mo mú lẹ́tà náà láti fi sáàárín aṣọ ni mo tó rí i pé ewé méjì ni, ó sì kọ ẹ̀yìn kọ iwájú. Èyí tí wọ́n kà sí wa létí kò tó ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan.

Mo jókòó sórí àpótí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọjá Ọjà-Ọba lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì láìsọ igbá kalẹ̀, tí mo fẹsẹ̀ rìn dé Pósófíìsì. Mo pẹ́ lẹ́bàá títì kí n tó sọdá, torí mi ò tíì mọ apá ibi tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ wò. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń bá èèyàn kọ lẹ́tà, ó gbé tábìlì kékeré kan síta, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, kò mọ̀ mí rí. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ó ní, "Ọmọ mi, kíkọ ni àbí kíkà?"

Mo ní, "Kíkà ni, Bàbá."

Ẹ̀rù lẹ́tà ń bà mí. Mo kọ́kọ́ mú ìwé ìtàn jáde, mo ṣí i síbi tí mo ti fi èèpo ẹ̀pà ṣàmì sí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni nǹkan wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí.

"Èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kà á bí ẹni ń ka iye iṣu, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ó ka pé obìnrin náà rí omi tó ń kán lórí ìka ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé òkú ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ náà. Ó mọ àpá tí ọ̀bẹ dá sí i lórí àtàǹpàkò. Ẹ̀rù bà á, ó sì sún mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀rù náà. Ó tú ìró rẹ̀, ó fi bo àwọn méjèèjì, ó di òtútù yẹn mọ́ àyà, títí òtútù fi kúrò lára ọ̀kan tó sì wọ ara èkejì. Ó ní kí ọkùnrin náà má lọ. Ọkùnrin náà ní tí òun bá ń wá báyìí, ẹran ara rẹ̀ á máa tán díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà ní kó máa tán.

Bàbá yẹn gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ó ní, "Ṣé kí n máa kà á lọ?"

Mo ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, sà."

Ìdí tí obìnrin náà fi ń ṣílẹ̀kùn ni Eyínfúnjowó ń fò. Nígbà tí kò sì kà á, ẹ̀rù nìkan ló kù fún wa. Ìtàn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú èyí tí a gbọ́, síbẹ̀ nǹkan mìíràn ni. Mo ti rò ó títí láti ọjọ́ yẹn. Èmi gbà pé agbègbè kan náà ni ẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé, wọ́n jọ ń lo kànga kan. Ọkọ mi ti dolóògbé báyìí, ó ti pé ọdún díẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi á ní kí n jẹ́ kí àwọn ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Wọ́n rò pé atẹ́gùn ni mò ń fẹ́.

Mo wá fún bàbá yẹn ní lẹ́tà. Mo ní kó má ka ìkíni, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìkíni bá parí sí. Ó wá a, ó rí i, ó sì kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ka ìtàn òkú.

"Mo ti kí gbogbo ilé tán, ó wá kù ọ́, ìyàwó mi. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá níbí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èmi nìkan ni. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bọ́ ẹ̀wù, òórùn ẹ̀pà yíyan máa ń wá sí mi nímú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń yan ẹ̀pà ládùúgbò yìí. Mo máa ń rántí ẹ̀yìn ọrùn rẹ, níbi tí òógùn ń kóra jọ sí. Mo máa ń na ọwọ́ sí apá òsì ẹní kí n tó rántí pé o ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti béèrè, o ò dá mi lóhùn, iye tí wọ́n ń ta ẹ̀pà nìkan lò ń ní kí wọ́n kọ sí mi. Tí o ò bá fẹ́ mi mọ́, jẹ́ kí n mọ̀. Tí oṣù yìí bá fi lè kú tí mi ò gbúròó rẹ, n ó mọ̀ pé ó ti tán."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ ni?"

Mo ní, "Òun ni, Bàbá."

"Kò mọ ibi tí wọ́n ń fi àmì ohùn sí o." Ó ká lẹ́tà náà dáadáa bó ṣe bá a. "Àmọ́ ó mọ ohun tó ń wí. Ṣé kí n bá ọ kọ èsì?"

Mo wo ojú ọ̀run, mo ro iye ọjọ́ tó kù kí oṣù kú. Mo ní, "Lẹ́tà ò ní yá tó." Mo fún un ní kúlíkúlí tó pọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo padà dé ilé.

Eyínfúnjowó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo gbé ìwé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀, mo gbé lẹ́tà lé e. Ó wò wọ́n, ó gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́.

"Ta ló kà á fún ọ?"

"Àjèjì ni."

Ó jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, ẹnu mi ni kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ni. A jọ mu ọmú kan náà. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ pé ẹ̀yìn ọrùn báyìí, apá òsì báyìí, kí Ìyá sì jókòó síbẹ̀ kó máa wò mí?"

"Ẹ ò lè pè mí sí kọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ ọ́ fún ọ ní kọ̀rọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ, bí ẹni pé èmi ni mò ń fẹ́ ọ? Ìyẹn tún burú jù." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Mo rò pé tó bá dé, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ. Mi ò rò pé ó máa pa ọ́ lára."

Mo ní, "Ó ní kí n wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́."

"Inú ibi tí ìtìjú wà ló máa ń fi í sí," ó ní. "Tí mo bá ti kan ẹní àti ọwọ́, mo máa ń fo gbogbo rẹ̀ títí dé ó dìgbà." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo máa ń padà lọ kà á nígbà tí o bá wà lọ́jà. Má bínú. Kò tíì sẹ́ni tó kọ irú rẹ̀ sí mi rí."

Kí n tó lè dáhùn, Ìyá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. A ò mọ̀ pé kò sùn.

Ó ní, "Ta ni yóò máa dín kúlíkúlí?"

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, aṣọ ọyẹ́ yẹn ṣì wà lórí rẹ̀.

"Bàbá wọn fi ọdún mẹ́sàn-án gbé Gold Coast," ó ní. "Owó ló ń fi rán èèyàn sí mi. Wọ́n á ní ó kí mi. Mo máa ń bi wọ́n pé, kí ló tún sọ? Wọ́n á ní kò sọ nǹkan mìíràn." Ó fa aṣọ náà sún mọ́ra. "Bóyá ó sọ ọ́. Bóyá ẹnu wọn ni kò gbà á." Ó wá ní, "Eyínfúnjowó rẹ yẹn, èékánná rẹ̀ á kán. Òun ni yóò máa pa ẹ̀pà. Dìde ńlẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lọ ọjà. Mo di aṣọ tí mo ti ká sínú àpótí láti lọ Afọ̀n, mo gbé e lọ sí ibùdó rélùwéè. Èrò pọ̀ lórí ìlà, eruku ọyẹ́ ṣì wà lójú gbogbo wa. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bi mí pé níbo. Mo ní Kàdúná. Ó ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Kàdúná, ṣé ọjà ni mò ń gbé lọ ni. Ìyàwó ilé dáadáa á sọ pé àwọn ẹbí òun ló ń lọ kí, á sì wolẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi wà níbẹ̀. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí," mo sì sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi gbọ́.